Ìrìn Ogún, Irin Ògún

Sátidé, 5 Oṣù Kẹrin 2025

Òjò tó dà pọ̀ mọ́ yìnyín. Inú ń bí mi, mi ò sì ní díbọ́n.

Ìpàdé ẹgbẹ́ arìn-etídò wáyé ní yàrá ìsàlẹ̀ ilé ìkàwé. Ènìyàn mẹ́jọ, ife tíì mẹ́jọ, bisikíìtì tí kò dùn. Wọ́n ti gbà pé kí èmi Mojeed, olùkọ́ Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì, darí ìrìn kan ní èdè Yorùbá létí odò Humber, níhìn-ín ní Weston, ní Canada, lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù karùn-ún. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ni: ẹ ó rìn díẹ̀, ẹ ó dúró, aṣáájú yóò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ibẹ̀. Ìdúró márùn-ún ni mo kọ. Ìkẹrin ni ibi tí ẹ̀kún omi ọdún 1954 ti gbé odidi àdúgbò kan lọ, tòun ti ènìyàn márùndínlógójì. Ibẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí pé n ó ti mẹ́nu ba ẹ̀kún omi Ọ̀gùnpa ní Ìbàdàn.

Jessica, akọ̀wé wọn, mú bírò, ó fa ilà gba orí Ọ̀gùnpa kọjá. "It's very moving, Mr. Mojeed, but it's not local." Kì í ṣe ti àdúgbò! Ó tún fi ẹ̀rín sí i. Ó wá ní bí èrò ò bá pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́jọ́ náà, ìrìn Yorùbá ò ní sí nínú ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìrìn wíwo ẹyẹ tí wọ́n ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni mẹ́fà ló wá. Mo wà níbẹ̀, mo kà wọ́n. Ta ló fa ilà gba orí ẹyẹ?

Mọ́ńdè, 7 Oṣù Kẹrin

Ìbínú gbé mi rìn dé ìdúró kẹrin. Otútù ń ta bí abẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ afárá àtijọ́ ṣì wà nínú omi, afárá tuntun ń wò ó látòkè. Koríko ló wà níbi tí ilé wà. Àwọn ènìyàn ń mú ajá kọjá. Pátákó wà níbẹ̀ tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ lè dúró kà á.

Kàfáyàtù ò ní pátákó. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni àbúrò mi, èmi sì ni mo rán an lọ gba àwọn ìwé mi wá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi nísàlẹ̀ odò Ọ̀gùnpa, torí mo fẹ́ fi wọ́n kọ́ àwọn ọmọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Òjò ti ń rọ̀ nígbà náà. Mo ní kó sáré. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1980. A ò rí i sin. Ọdún márùndínláàádọ́ta rèé, mi ò tíì dúró létí odò kankan pe orúkọ rẹ̀ síta.

Not local. Èmi tí mo dúró síbẹ̀ yìí ńkọ́, èmi náà kì í ṣe ti àdúgbò?

Fúráìdé, 11 Oṣù Kẹrin

Mo fi ọ̀rọ̀ ìwé ìkéde ránṣẹ́ sí Jessica: ÌRÌN OGÚN ETÍ ODÒ HUMBER. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi lẹ́nu. Ohun tí a jogún: ilẹ̀, omi, òkú tó wà nínú omi. Mo kọ́kọ́ ya fọ́tò ojú ìwé mi, fọ́tò náà kọ̀, kò lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo wá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ọrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ kán mi.

Iṣu kan ṣoṣo, tí kò tó apá mi, dọ́là mọ́kànlélógún ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará ilé. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n gbìn ín sínú góòlù ni. Mo rà á ṣá.

Wẹ́sídè, 23 Oṣù Kẹrin

Jessica gbé ọgọ́ta ìwé ìkéde dé. Ẹyẹ pẹ́pẹ́yẹ lápá òsì, odò lápá ọ̀tún. Láàárín, gàdàgbà gadagba: IRIN OGUN ETI ODO HUMBER.

Kò sí àmì kan. Kò sí ẹyọ kan! Wọ́n bọ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni ń bó ẹ̀pà. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ Ìbàdàn ní àmì ohùn. Mo wá dé ìlú yìí kí wọ́n tó fi orúkọ mi sábẹ́ ọ̀rọ̀ ìhòòhò. Mo ní n ó ya gbogbo rẹ̀ dànù. Morufat ọmọ mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́, gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì lọ lẹ àwọn kan mọ́ ara ògiri ìsàlẹ̀.

"Dàdí, ẹ jọ̀ọ́, it's just a flyer. Àwọn ènìyàn á mọ ohun tẹ́ ẹ ní lọ́kàn."

Àwọn ènìyàn á mọ̀. Ó dáa.

Fúráìdé, 25 Oṣù Kẹrin

Wọ́n mọ̀ o.

Lẹ́yìn Jímọ̀, Alhaji Salahudeen dúró dè mí níbi tí a ń bọ́ bàtà sí. Ọ̀rẹ́ mi ni láti ọdún tí mo ti dé Weston, ìyẹn ò ní kó má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fi ọ̀pá irin tó fi ń tiro gbá ilẹ̀.

"Tíṣà, irin Ògún wo lẹ fẹ́ gbé lọ sétí odò?"

Mo ní, "Ìrìn ni. Ìrìn Ogún. Ogún, bí ẹni jogún."

"Ohun tó wà lára ògiri kọ́ nìyẹn. Àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbààwẹ̀ tán lóṣù tó kọjá! Ẹ fẹ́ ká wá máa tẹ̀ lé Ògún kiri ní Canada. Ajá ńkọ́, ẹ ti rí ajá rà?"

Gbogbo àwọn tó ń wọ bàtà rẹ́rìn-ín. Mi ò rí tèmi wọ̀ mọ́, inú ń bí mi débi pé mo ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ tòsì.

Nínú ẹ̀rọ agbéniròkè, Ìyá Ìdẹ̀raolúwa tó ń gbé àjà kejìlá ní pásítọ̀ àwọn ti rí i, ó sì ti kìlọ̀ pé kí ọmọ ìjọ má dé ibi ìrìn ogun kankan, pé ogun ti ẹ̀mí ló kàn wọ́n. Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí sì bi mí bóyá ogún dọ́là ni owó ìwọlé.

Ògún, ogun, ogún dọ́là. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó kà á bí mo ṣe kọ ọ́.

Sátidé, 3 Oṣù Karùn-ún

Mo sọ̀rọ̀ ní ìpàdé lónìí. Mo sọ ọ́ débi tó dé.

Mo na ìwé ìkéde sókè lójú gbogbo wọn. Mo ní ẹni tó bọ́ àmì kúrò lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá, aṣọ ló bọ́ lára àgbàlagbà ní gbangba ọjà. Mo ní ẹ kọ́kọ́ fa ilà gba orí Ọ̀gùnpa mi, ẹ wá yọ ohùn lẹ́nu mi, kí ló kù tẹ́ ẹ fẹ́ gbà? Ojú Jessica pọ́n bí ata. Ó ní, "I pasted exactly what you sent me." Mo pè é ní òpùrọ́. Mo pè é ní Gẹ̀ẹ́sì, kó lè yé e.

Mo jáde. Mo gbàgbé fìlà mi síbẹ̀, mi ò padà lọ mú un. Atẹ́gùn fẹ́ sí mi lórí títí mo fi délé.

Sọ́ńdè, 4 Oṣù Karùn-ún

Morufat gbọ́ ohun tí mo ṣe. Ta ló sọ fún un? Weston kéré.

"Dàdí, ẹ gbé fóònù yín wá." Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó na fóònù náà sí mi lójú. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ sí Jessica lọ́jọ́ kọkànlá oṣù kẹrin ni. Mo wọ gíláàsì mi.

IRIN OGUN ETI ODO HUMBER.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Dàdí. Ẹ ò fi àmì kankan sí i."

Mo ní fóònù ló yọ ọ́. Mi ò jẹ iṣu tó sè.

Mọ́ńdè, 5 Oṣù Karùn-ún

Ní ọdún 1991, mo mú kí ọmọkùnrin kan kúnlẹ̀ títí agogo fi lù, torí ó kọ "owo" tí mi ò mọ̀ bóyá owó ni tàbí òwò. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo mọ ohun tí mo ní lọ́kàn." Mo sọ fún un pé òǹkàwé kì í gbé inú ọkàn ẹ. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ náà débi pé mo ń lò ó títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Òǹkàwé kì í gbé inú ọkàn ẹ, Mojeed, ọ̀dẹ̀.

Túsìdeè, 6 Oṣù Karùn-ún

Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Mo lọ bá Jessica ní ilé ìkàwé, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Kò tíì jókòó dáadáa tí mo fi sọ ọ́: èmi ni mo ṣẹ̀, òun kì í ṣe òpùrọ́, ojú ń tì mí. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń tọrọ àforíjì náà, mo sì rò pé ó hàn lójú mi. Ó fa àpótí tábìlì ìkọ̀wé rẹ̀ yọ, ó gbé fìlà mi jáde. Ó ti ká a dáadáa.

Ó bi mí ìdí tí ọ̀rọ̀ àmì kékeré yìí àti Ọ̀gùnpa fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un. Òjò náà, ìwé náà, "sáré" tí mo sọ. Láti gbogbo ọdún yìí wá, Morufat nìkan ló tíì gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Jessica ò sọ pé pẹ̀lẹ́. Ó ní kí n kọ orúkọ ọmọ náà fún òun. Mo kọ ọ́, tòun tàmì: Kàfáyàtù.

Lẹ́yìn náà ló ní ìgbìmọ̀ ti pinnu lórí Ọ̀gùnpa, òun ò lè dá a padà. Mo ti ń dìde. Ó ní, "But I don't speak Yoruba, Mr. Mojeed. Nobody on the committee does." Ó ní ohun yòówù tí mo bá sọ ní ìdúró kẹrin, ta ló máa mọ̀?

Mo wò ó. Kò rẹ́rìn-ín.

Sátidé, 10 Oṣù Karùn-ún

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rìn kiri. Mo ra bírò pupa olójú ńlá kan, dọ́là mẹ́rin àti sẹ́ǹtì mọ́kàndínláàádọ́ta. Mo dé ibi ìfọṣọ, ibi ìgẹrun, ṣọ́ọ̀bù oníṣu, mọ́ṣáláṣí, gbogbo ẹ̀rọ agbéniròkè tó wà nílé wa. Mo ń fi ọwọ́ ara mi fi àmì sórí ọ̀rọ̀ ara mi. Ìrìn. Ogún. Etí. Odò. Bí ẹni tí wọ́n dá dúró lẹ́yìn ilé ìwé.

Ẹ̀ṣọ́ ilé kejì ní n kò gbọ́dọ̀ kọ nǹkan sára ògiri. Mo ní àtúnṣe ni. Ó ní àtúnṣe kí ni? Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ fún un, mo kọrin rẹ̀ gan-an, dò, rè, mí. Ó ní kí n máa kọ ọ́ lọ.

Sátidé, 17 Oṣù Karùn-ún

Ẹni mọ́kànlá ló ti ṣèlérí. Salahudeen ṣì kọ̀. Mo mú un lọ síwájú ìwé ìkéde tó wà ní mọ́ṣáláṣí, mo fi ìka tọ àmì kọ̀ọ̀kan.

Ó wò ó pẹ́. "Pupa lẹ fi kọ ọ́."

"Kí ló wà nínú pupa?"

"Ẹ wo bó ṣe ń ṣàn. Ògún ló ni pupa, Tíṣà."

Mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Bí mo bá dúró, ǹ bá gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Fúráìdé, 30 Oṣù Karùn-ún

Wọ́n ní oòrùn yóò mú lọ́la. Ẹni mẹ́tàlá ló ṣèlérí. Ìlérí àwọn ará wa!

Sátidé, 31 Oṣù Karùn-ún

Agogo mẹ́wàá la dá. Ní agogo mẹ́wàá, èmi, Jessica àti ọ̀kẹ́rẹ́ kan la wà níbẹ̀. Jessica di ìwé orúkọ mú, bírò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Mo bínú sí gbogbo ìran Yorùbá, láti orí Odùduwà wá.

Ó kọjá ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ìyá Ìdẹ̀raolúwa kó ìyá méjì láti ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ dání. "Pásítọ̀ lọ sí ìlú Ajax lónìí," ó ní. Morufat pààrọ̀ shift, ó wá. Oníṣu náà wá, mo sì sọ ohun tí mo rò nípa iye tó ń tà á fún un kí a tó gbéra. Ìgbà tí ẹni mẹ́tàlá pé ni mo gbọ́ kò, kò, kò, lórí ọ̀nà. Salahudeen ni. Kò kí mi. Ó na ọ̀pá rẹ̀ sókè lójú gbogbo èrò.

"Irin nìyí. Ogun dà?"

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ò jẹ́.

Mẹ́rìnlá. A dúró títí. Jessica wo aago, ó ní ká máa lọ. A ti ṣe ìdúró kìíní àti ìkejì, mo ti sọ̀rọ̀ àwọn onílẹ̀ tó kọ́kọ́ ń gbé ọkọ̀ ọpọ́n lérí gba ọ̀nà yìí kọjá, mo ti gbàgbé ìdajì ohun tí mo kọ, kí ọkùnrin kan tó sáré lé wa bá. Bàtà iṣẹ́ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin àgbà. Ọlálékan lorúkọ mi, láti Oshawa. Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń bọ Ògún?"

Gbogbo ènìyàn yíjú sí mi.

Ó ní wẹ́dà tó ń jó irin ni òun. Ẹnì kan ló ya fọ́tò ìwé ìkéde wa, èyí tí kò lámì, ó sì ń lọ kiri lórí WhatsApp. Láti ọdún mẹ́rin tí òun ti dé ìlú yìí, òun ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ Ògún ní gbangba. Òun bá wọ ọkọ̀ ojúrin láti òwúrọ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé àṣìṣe ni, èmi ni mo ṣe é, ìrìn lásán nìyí. Ó wo odò, ó wo wa. Ó ní ẹni tó ti wọ ọkọ̀ méjì kì í padà lọ́nà.

Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àṣìṣe mi ló mú un wá. Bí àmì bá wà níbẹ̀, mẹ́rìnlá là bá jẹ́.

Ní ìdúró kẹrin, mo sọ ti 1954. Mo fi ẹsẹ̀ afárá hàn wọ́n. Ọlálékan wo irin tó yọ lára rẹ̀, ó ní omi ò mọ bí ènìyàn ṣe jó irin tó, ó ní ká wo bó ṣe tẹ̀. Lẹ́yìn náà mo sọ ti Ọ̀gùnpa. Ìyá Ìdẹ̀raolúwa ni kò jẹ́ kí n parí. "Omíyalé!" ó ní, ó di orí mú. "Tíṣà, mo wà ní Ìbàdàn lọ́jọ́ náà. Orí àga la sùn." Mo ní àbúrò mi ò rí àga. Mo ní èmi ni mo rán an níṣẹ́. Mo wá yíjú sí odò, mo pe orúkọ rẹ̀, bí mo ṣe máa ń pè é láti ojúlé tí oúnjẹ bá jinná.

"Kàfáyàtù o!"

Salahudeen fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ́wọ́, ó ṣe àdúà fún un. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ọlálékan ṣí fìlà.

Ojú mi tutù. Jessica na bébà pélébé sí mi, ó bi Salahudeen ní ohùn kékeré pé kí ló ṣẹlẹ̀.

"Òógùn ni, madam," ni Salahudeen wí. "Sweat. Oòrùn yìí mú. Baba kì í sunkún."

Jessica ní kó kọ ọ̀rọ̀ náà fún òun. Salahudeen gba bírò, ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìkéde kan, ó fi gbogbo àmì sí i, ó sì wò mí kí n rí i pé ó fi wọ́n sí i. A gun àkàsọ̀ lọ sí ìdúró karùn-ún.

Mọ́ńdè, 16 Oṣù Kẹfà

Ìwé pẹlẹbẹ dé. Ẹ̀dà ẹgbẹ̀rún kan, ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Mo ṣí ojú ewé kẹsàn-án kí n tó jókòó.

ÌRÌN ÒÓGÙN ETÍ ODÒ HUMBER.

Òógùn! Ọmọbìnrin yìí ti sọ ohun tí a jogún di òógùn abíyá! Mo ti pè é kí n tó mọ̀. Fóònù ń dún, mo ń to gbogbo ohun tí n ó sọ lẹ́sẹẹsẹ, mo ti dé orí ìhòòhò àti àgbàlagbà nínú ọjà.

"Mr. Mojeed!" Ó ní ṣé mo ti rí i. Inú rẹ̀ dùn, mo gbọ́ ọ. Ó ní òun ní kí wọ́n lo spelling Ogun tuntun tí Alhaji kọ fún òun. "I checked every single mark. Three times." Ó ní kí n wo ìsàlẹ̀, ìdúró kẹrin, òun ò bi ìgbìmọ̀.

Mo wo ìsàlẹ̀. Ìlà méjì ni. Ẹ̀kún omi ọdún 1954. Kàfáyàtù, Ìbàdàn, 1980.

Mo gbé gíláàsì mi sókè, mo fi ìka ka àmì orúkọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe máa ń ka ti ọmọ ilé ìwé. Mo padà sókè, mo ka ti Òógùn náà. Jessica ṣì ń dúró lórí ìlà. Ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kún mi lẹ́nu.

"Jessica," mo ní, "gbogbo àmì rẹ̀ pé."